Ta Ló Ní Kí O Bó Téèpù Mi?

Ọlọ́wọ́-wúrà, orúkọ tí tíṣà tó ń kọ́ wa ní fayolíìnì sọ ọ́ nìyẹn, èmi náà á máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi sú ọ.

Ta ló ní kí o bó téèpù tó ń fi ibi tí ìka yóò balẹ̀ hàn mí kúrò lọ́rùn fayolíìnì wa? Mo gbé e jáde láàárọ̀ yìí, ọrùn rẹ̀ ń dán bí orí apárí. Ìwọ ò nílò àmì mọ́, mo ti gbọ́. Ṣé ìwọ nìkan lo ni ín ni? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀pá rẹ̀ lórí okùn, tí o ò fi ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò mọ́!

Owú kọ́ o. Àmọ́ lánàá, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí o ń mi ìka lórí okùn, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni fẹ́ sunkún. Tí èmi bá mi ìka, àga nìkan ló ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo pé kí o wá fọ abọ́. Abọ́ kankan ò sí nílẹ̀.

Mo ti lẹ téèpù míì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sún ọwọ́ lọ sókè dé ibi àmì, igbe ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù ló jáde. Mo tún un lẹ̀ títí, pàbó ló já sí. Etí rẹ ló mọ ibi tó yẹ kó wà.

Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, bá mi lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Má rẹ́rìn-ín. Má sì sọ fún tíṣà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí.