Pẹ́ẹ̀gì Pupa Tí N Kò Mú

Ilé Kẹrin, Òpópónà Dyke,
Thornby Fen, Lincolnshire.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, 2017.

Ambrose, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ láti ìhà ibí yìí, níbi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ? Ṣé afẹ́fẹ́ New Zealand ti ń bá ọ wò ó sàn? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí àga, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn, kí ó sì bá gbogbo ilé rẹ láyọ̀. Ní tèmi, ara kò le tó bí mo ṣe ń sọ fún dókítà pé ó le. Orúnkún ń dún, ojú ń ṣú, ó sì ń rẹ̀ mí láti òwúrọ̀ kí n tó jí tán. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kò gbọdọ̀ ṣàròyé púpọ̀. Mo ṣì ń po tíì mi fúnra mi, a dúpẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá ni a ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ wa pa pátápátá. Ọmọ àgbẹ̀ tó ni pápá tí a ti ń fò ti tà á fún àwọn tí yóò to dígí sí i, tí wọn yóò fi oòrùn ṣe iná mànàmáná. Oòrùn wo ni wọ́n rí ní Lincolnshire, èmi ò mọ̀. Àwa méje péré ló ṣẹ́kù nínú àwa tí a máa ń kọ́ bàálù kékeré, tí a ń fi rédíò darí wọn, bí a bá sì yọ ẹni tó ń sùn lórí àga kúrò, a ku mẹ́fà. A mu tíì láti inú fúláàsì, a sì jẹ páì ẹlẹ́dẹ̀ tí kò dùn tó ti àtijọ́. Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n kó ẹrù inú ahéré ẹgbẹ́ tó wà létí pápá kúrò.

Ọkùnrin tó wá wó ahéré náà rí pátákó wa lára ògiri, àti àwọn pẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ oríṣiríṣi tó wà lára rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, aṣọ ta lẹ máa ń sá síbí? Àbí ìyàwó yín lé yín jáde nílé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣàlàyé fún un pé láyé ìgbà yẹn, olúkúlùkù ló ní ìkànnì tí rédíò rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, àwọ̀ la sì fi ń pè é. Bí àpótí ìdarí méjì tó jẹ́ àwọ̀ kan náà bá tàn papọ̀, bàálù tó wà lókè kò ní mọ ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀, yóò já lulẹ̀. Nítorí náà, kí ènìyàn tó tan àpótí rẹ̀, yóò kọ́kọ́ lọ mú pẹ́ẹ̀gì àwọ̀ rẹ̀ lórí pátákó, yóò há a mọ́ irin eríà tó yọ lórí àpótí náà. Bí kò bá bá pẹ́ẹ̀gì níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń fò. Kí ó lọ jókòó. Ọkùnrin náà ní, "Kò sí wàhálà yẹn mọ́ báyìí, Bàbá. Ẹ̀ẹ́ kàn tàn án ni, ó parí." Òótọ́ ló sọ. Mo tú pátákó náà kúrò lára ògiri, mo sì gbé e dání lọ sílé.

Nígbà tí mo délé, mo gun àjà lọ wo àwọn àpótí igi bàálù tí mo rà tí n kò kọ́ rí. Mọ́kànlá ni wọ́n. Enid ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ pé, "Wilf, lọ́jọ́ tó o bá kú, mi ò ní ra pósí o. Inú igi bálísà rẹ yìí ni màá sin ẹ́ sí. Ó fúyẹ́, èèyàn méjì á gbé ẹ." Òun ló ṣáájú mi lọ, pósí gidi ni mo sì rà.

Mo ṣí ọ̀kan nínú wọn. Òórùn igi náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì gbé mi padà sí ìdí tábìlì ìdáná yín, níbi tí a máa ń tẹ́ ìwé àwòrán sí, tí a ó fi àbẹ́là pa ojú rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Abẹ ìfárùngbọ̀n la fi ń gé egungun ìhà apá bàálù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà la ó ta ìwé fẹ́lẹ́ lé e lórí, a ó kùn ún ní ọ̀dà tí òórùn rẹ̀ ń lé ará ilé jáde. A ó fi oṣù mẹ́ta òtútù kọ́ ohun tí a ó fò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní báyìí fóòmù ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á yọ ọ́ nínú páálí láàárọ̀, wọ́n á fò ó lọ́sàn-án, bó bá fọ́, wọ́n á ra òmíràn. Kò sí ẹni tó ń sunkún nítorí bàálù mọ́. Bóyá tiwọn ló dára jù, n kò lágbára àtijà lórí ẹ̀ mọ́. Mo ti fi mẹ́wàá nínú àpótí náà fún ọkùnrin kan ní Boston, ìtòsí wa níbí, tó ń kó irú wọn jọ.

Ambrose, gbogbo èyí kọ́ ló mú mi gbé bírò. Lẹ́tà tí o kọ sí mi ní oṣù tó kọjá ni. O ní Tamsin ọmọ-ọmọ rẹ bẹ̀ ọ́ pé kí ẹ jọ kọ́ bàálù kan, o sì dá a lóhùn pé, "Lọ wá ẹlòmíì, ọmọ mi. Ọwọ́ bàbá àgbà rẹ ò ṣeé fọkàn tán. Òun ló ba iṣẹ́ bàbá ẹ̀ jẹ́." O kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, tíì mi sì tutù sínú kọ́ọ̀bù. Láti ọdún mọ́kànlélógójì ni o ti ń gbé e kiri, ẹrù tèmi sì ni.

Mo rántí bàbá rẹ dáadáa. Àwọn ni wọ́n ra àpótí bàálù Wold Lark yẹn, tí wọ́n sì gé gbogbo ìhà apá rẹ̀ nígbà tí àìsàn ti ń mú ọwọ́ wọn gbọ̀n. Wọ́n kú kí a tó so rédíò sí i. Odidi ọdún kan ni o kò fi lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, o parí rẹ̀, o fi òjé jó àwọn wáyà inú rẹ̀ pọ̀, o sì pè mí. O ní, "Wilf, gbogbo èyí tó dáa níbẹ̀, ti bàbá mi ni. Wáyà nìkan ni tèmi. Bá mi wò ó dáadáa, kí n má lọ dójú tì wọ́n." Mo wò ó, mo sì sọ fún ọ pé ó dára. Ó sì dára lóòótọ́.

Oṣù Ògún ọdún 1976 ni, nígbà tí ọ̀dá mú gbogbo koríko wa gbẹ. Ìwọ àti èmi la jọ ń lo àwọ̀ pupa. Bí ẹnìkan bá ń fò, ìkejì a jókòó. Ìwọ lo mú pẹ́ẹ̀gì. O fi Wold Lark yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta, a pàtẹ́wọ́, àní Alága Horace Tubb tí kì í yin ẹnikẹ́ni ní, "Ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n fò díẹ̀." Mo padà sí ìdí ọkọ̀ mi láti tún ìrù bàálù mi tó há ṣe. Mo kọ̀yìn sí pápá, mo sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ dákẹ́. Mo rò pé o ti balẹ̀. N kò mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ lo pa á, tí bàálù náà ń rà bàbà bọ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí bàbá rẹ ṣe máa ń fẹ́ kó rí. N kò wòkè. Ìdí pátákó kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi, n kò débẹ̀. Mo tan àpótí mi kí n lè wò ó bóyá ìrù náà ti ń mì. Kò ju bí ẹni ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Mo gbọ́ igbe, mo sì pa á. Nígbà tí mo yíjú padà, Wold Lark ti dojú dé, ó ti forí sọ ilẹ̀ líle.

Horace pariwo pé, "Ta ló tan pupa? Mo ní ta ló tàn án? Kó jáde síbí!" Olúkúlùkù ní òun kọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Èmi kọ́, Alága." Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ìwọ ti kúnlẹ̀ sáàárín àfọ́kù igi, o gbé wáyà kan tó já sókè, o ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Òjé mi ni. Iṣẹ́ bàbá mi dáa, tèmi ló já." O wá wo ojú mi, o ní, "Àbí òun kọ́ ni, Wilf?" Mo ní, "Ó lè jẹ́ òun." Irọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi pa á. Èkejì yìí, ìwọ ọ̀rẹ́ mi lo bi mí, mo sì wo omijé ojú rẹ kí n tó pa á. Ojú ń tì mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo sọ fún ara mi pé bó bá di Kérésìmesì, màá jẹ́wọ́. Kí Kérésìmesì tó dé, o ti ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ, o sì ní kí n wá ṣe baba ìsàmì fún ọmọ rẹ. Ibo ni mo fẹ́ ti sọ ọ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Lẹ́yìn náà Horace kú. Lẹ́yìn náà ẹ kó lọ sí òkè òkun. Enid nìkan ló mọ̀. Ó ní, "Sọ fún un kí ọ̀kan nínú yín tó kú, Wilf, nítorí ẹni tó bá kù ò ní rí ẹni bẹ̀." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lo ìlọ́po ogún méjì, ó sì ti rẹ irọ́ náà fúnra rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ bínú, bínú. Bí o kò bá kọ̀wé sí mi mọ́, n kò ní bi ọ́ ní ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ nìkan ló kù tí mo ń retí lẹ́tà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún: má ṣe sọ fún ọmọ yẹn mọ́ pé ọwọ́ rẹ kò dára. Àpótí kọkànlá tí n kò fi tọrẹ, Wold Lark ni. Ó ti wà lójú òkun báyìí. Orúkọ Tamsin ni mo kọ sí i, kí ìwọ má baà rí ọ̀nà dá a padà.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní okun àárọ̀, kí ó fún ọ ní oorun alẹ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ mókun, kí ojú rẹ ríran dé ìdí iṣẹ́ tí o bá gbé lọ́wọ́. Kí ó jẹ́ kí Tamsin dàgbà lójú rẹ, kí ó sì mọ irú ọwọ́ tí òun ti wá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó pẹ́ kó tó sòótọ́,
Wilf Garrod.

Mo tún rántí: o ní kí n bá ọ sun àfọ́kù náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì sun ún lẹ́yìn ilé mi. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣáná, mo wo wáyà tó já yẹn dáadáa. Àárín ló ti já, níbi tí irin ẹ́ńjìnnì ti gé e nígbà tó forí sọlẹ̀. Ojú ibi tí o fi òjé jó kò tilẹ̀ sán. Mo gé ibi òjé náà sọ́tọ̀, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti wà nínú agolo tábà lọ́dọ̀ mi. Òun ló wà nínú àpò ìwé kékeré tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí o fà á. Má ṣojo. Pe Tamsin kó bá ọ fà á. Kò ní já.