Ìjà Gómìnà àti Àjọ Omi Dé Ẹnu Pọ́ǹpù Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìgboro, mo sì kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, èyí tí o ní ó máa ń hanrun. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn á ṣèèṣì pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa náà wà láàyè nílé. Ikọ́ bàbá rẹ ti lọ, ewúrẹ́ ìyá àgbà ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì jọ onígbàjámọ̀ wa gan-an, ṣùgbọ́n a kò tíì sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O mọ̀ pé Àjọ Omi ló gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn fún wa, àwọn náà ló sì ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Ó bàjẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣọ́ pọ́ǹpù tú u wò, ó ní rọ́bà kan tó wà ní ọ̀fun rẹ̀ ló ti jẹ, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. A ránṣẹ́ sí Àjọ Omi. Wọ́n ní àwọn ní rọ́bà, àwọn sì ní owó, ṣùgbọ́n gómìnà ti ní àwọn kò gbọdọ̀ ná nǹkan kan mọ́ àfi bí òun bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, nítorí ó ní ìnáwó wọn ti pọ̀ jù, wọ́n ń ra ọkọ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Ọ̀gá àgbà Àjọ Omi náà fèsì pé òfin tó dá àwọn sílẹ̀ kò ní kí àwọn máa tọrọ àyè lọ́wọ́ gómìnà, pé àwọn ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń yẹ ìwé àwọn wò. Wọ́n ti gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó ní òun fẹ́ lọ sinmi ná. Rọ́bà wa sì ń dúró de adájọ́.

Wọ́n fún wa ní nọ́mbà kan tí ará ìlú lè pè, èmi ni mo sì pè é. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó kí mi káàbọ̀, ó ní kí n tẹ oókan bí ọ̀rọ̀ mi bá jẹ́ ti omi. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, mo bi í pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Ó kàn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni, ẹni tí gómìnà ti mú owó ibi iṣẹ́ rẹ̀ so kò lè ráyè tẹnìkan. Mo gbàdúrà fún un títí owó inú fóònù mi fi tán. Bí o bá rí i nígboro, bá mi kí i. Gómìnà náà ńkọ́? O ṣáà ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, òrùlé kan náà ló bo ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, sọ fún un kó fọwọ́ sí rọ́bà kan ṣoṣo yìí, kí òun àti ọ̀gá àgbà máa bá ìjà ọkọ̀ wọn lọ.

Ìjà náà kò dúró nígboro. Àwọn tó wà lẹ́yìn gómìnà ń pàdé ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn Àjọ ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó kọjú sí i. Bàbá rẹ ni olórí àwọn ti Àjọ. Ó ní kí ló dé tí àgbàlagbà yóò fi máa tọrọ àyè kó tó ra rọ́bà. Onígbàjámọ̀ ní àgbàlagbà tó bá fowó ìlú ra ọkọ̀ tí kò nílò, ọmọdé ni. Bàbá rẹ ní abẹ nìkan ló mọ̀, kò mọ òfin. Onígbàjámọ̀ ní ó dáa, kí òfin máa gé irun fún un. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, irun bàbá rẹ ti bo etí.

Èmi ò ṣe tẹnìkankan. Ẹni tó ń náwó, ó yẹ kí ẹnìkan máa wo ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó sì ń wo ọwọ́ ọlọ́wọ́, kó jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀hún ráyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn. Mátírọ́nù pè mí, ó ní ìyá, aṣọ ìdọ̀tí ti kún yàrá, àwọn aboyún ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò láṣọ, bí kò bá sí aṣọ mímọ́ títí ọjọ́ Ẹtì, òun á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lójú títì. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi rán ọ níléèwé. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni n ó wá máa fọ̀, ṣé ògiri ni?

Ni gbogbo ìlú bá dáwó jọ láti ra rọ́bà fúnra wa. Àwọn ti gómìnà ní ará Àjọ kankan kò gbọdọ̀ dá lọ rà á, àfi kí ẹnìkan máa wò ó. Àwọn ti Àjọ ní ta ni yóò wá máa wo ẹni tó ń wò ó. Ni wọ́n bá yan ẹni tí yóò rà á, ẹni tí yóò máa wo olùrà, ẹni tí yóò máa wo olùwò, àti akọ̀wé tí yóò máa kọ ohun tí gbogbo wọn bá rí. Wọ́n wọkọ̀ lọ. Wọ́n jẹun lọ́nà, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ojú ríran dáadáa. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta rọ́bà, owó ti tán. Wọ́n padà dé, wọ́n ka ìṣirò sí wa létí, owó ọkọ̀ rèé, owó oúnjẹ rèé, gbogbo rẹ̀ pé, kò sí èyí tó sọnù. Onígbàjámọ̀ àti bàbá rẹ jọ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bàbá rẹ ní òun ò tíì rí ìnáwó tó mọ́ tó báyẹn rí. Mo ní rọ́bà ńkọ́. Wọ́n ní ìyẹn di ìpàdé mìíràn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣe ìpàdé mìíràn náà. Èmi jókòó ti òkìtì aṣọ. Sálúbàtà bàbá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó nípọn tí o rà fún un, nítorí bàtà ìpàdé ló wọ̀ jáde. Mo wo sálúbàtà, sálúbàtà náà wò mí. Mo fa ọ̀bẹ yọ. Mo gé ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ bí rọ́bà tó jẹ ṣe rí, mo sì gbé e dé ìdí pọ́ǹpù. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ní wọn kò tíì fún òun láṣẹ, òun ò rí mi o. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì na sípánà sí mi láti ẹ̀yìn. Ibi tí n kò bá ti mọ̀ ọ́n dè, ó máa ń wúkọ́.

Omi yọ. Ó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó yọ. Mo fọ gbogbo aṣọ ilé ìwòsàn, mo sá a, mátírọ́nù ní ìyá ẹ ṣé, iṣẹ́ yín kò lọ.

Inú ìlú dùn títí tí kálukú fi pọnmi tán. Lẹ́yìn náà ni onígbàjámọ̀ béèrè pé ta ló náwó, ta ló sì fọwọ́ sí i? Bàbá rẹ ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọmọ mi, láti ìgbà tí ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà kejì tí ẹnu wọn máa kò nìyẹn. Télọ̀ ní bóyá kò ná ẹnìkankan ní nǹkan kan. Wọ́n bínú sí i, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba wo ló ti rí tó ń ṣiṣẹ́ láìnáwó. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùwádìí, bàbá rẹ ni alága. Láràárọ̀ ló ń wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan jáde, tí ẹsẹ̀ kejì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán, tó ń lọ wá ẹni tó tún pọ́ǹpù ṣe. Bó bá dé, á ní ìyá ọmọ mi, ṣé o rí ẹlẹ́ẹ̀kejì? Mo ní bóyá ajá ló gbé e. Ó ní kí òun parí ọ̀rọ̀ omi ná, òun á wá dojú kọ ajá.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tú pọ́ǹpù kí wọ́n mú ẹ̀rí jáde. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi lọ, iṣẹ́ mi lọ, bàbá rẹ á sì dá bàtà rẹ̀ mọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Nítorí náà, bá mi ra rọ́bà náà, kí n fi pààrọ̀ sálúbàtà inú pọ́ǹpù kí wọ́n tó tú u. Mo ti fi bébà gé ìwọ̀n rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí, kí awakọ̀ tó gbé e wá fún ọ gbé rọ́bà padà kó tó di ọjọ́ Àìkú. Bá mi ra sálúbàtà kan náà fún bàbá rẹ, aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ méjèèjì, kó má baà bi mí ìdí tó fi jẹ́ ẹyọ kan. Fi owó díẹ̀ sí i, nítorí ilé alága ni ìgbìmọ̀ ti ń jókòó, wọ́n sì ti jẹ ìrẹsì mi tán lórí ohun tí wọ́n ní ìnáwó rẹ̀ ń dun àwọn. Má pè mí lórí fóònù o, bàbá rẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní yan ìgbìmọ̀ lé lórí.

Èmi ni ìyá rẹ,
alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn títí di ọjọ́ Ajé.