Àyè Kejì Lẹ́yìn Pọ́íǹtì: Sí Màmá Mi, Lórí Ìwọ̀n Àbẹ̀kẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Pọtakọ́ọ̀tù níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á sókè, kí gbogbo ilé gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti èmi àti ẹ̀yin nìkan. Mo gbọ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, wọ́n ti ń gbàdúrà fún ọmọ mi tí kò dàgbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má ṣe dá àdúrà dúró. Àmọ́ ọmọ náà ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn àwọn ohun tí ẹ máa ń béèrè. Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja inú yìnyín ní Elelenwo. Èmi ni mò ń gbé páálí sórí ìwọ̀n, tí mò ń pe iye rẹ̀ fún akọ̀wé. Òtútù ibẹ̀ ò kéré, ṣùgbọ́n ṣúẹ́tà tí ẹ fún mi ṣì wà, mo ti lẹ ìgúnpá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò kò jẹ́ ká sinmi. Bí Fúnkẹ́ ìyàwó mi bá sì sá nápì ọmọ síta, èérú dúdú tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ ibí á ti bà á jẹ́ kó tó gbẹ, nítorí náà inú yàrá la ń sá a sí. Bí ẹ bá wọlé wa báyìí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọba.

Nínú ọgbà tí a ń gbé ní Elekahia, kò sí Yorùbá kejì. Ibí ni wọ́n bí Fúnkẹ́ sí, ẹ mọ̀ pé Pijin yá a lẹ́nu ju èdè wa lọ. Èmi nìkan ni mò ń fi Yorùbá gidi bá Àbẹ̀kẹ́ ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí ni. Bó ti wù kó rí, ó ń dín ìdánìkanwà kù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Sátidé tó kọjá. Nígbà tí ẹ pè, Fúnkẹ́ ka káàdì ọmọ fún yín bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́: ọjọ́ tí a bí i, 2.5; òpin ọ̀sẹ̀ kìíní, 2.4; òpin ọ̀sẹ̀ kejì, 2.4. Ẹ bi í pé ṣé òkúta la bí ni, tó fi dúró sójú kan. Ẹ ní omi lásán ló wà lọ́mú rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ògì àti mílíìkì inú agolo, kó sì máa fi àgbo díẹ̀ tì í. Ẹ tún ní ẹ ó dín fífẹ̀ búbà mẹ́ta tí ẹ rán fún ọmọ kù kí ẹ tó fi ránṣẹ́, nítorí ó jọ pé kò ní í kún inú wọn. Fúnkẹ́ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà, títí ẹ fi gbé fóònù sílẹ̀.

Màmá Nkẹ́chi, tí yàrá wọn fara ti tiwa, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tó ń pe ará oko kejì. Ó wọlé, ó ní kí ìyàwó mi má sunkún, Mama no dey vex, na fear dey catch am, pé inú kò bí yín, ẹ̀rù ló ń bà yín. Fúnkẹ́ kọjú sí mi. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé omi ni ọmú òun, ó sì ní kí n lọ ra mílíìkì náà.

Ẹ mọ̀ mí, owó agolo yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rántí ojú ìwọ̀n. Ìgbà méjèèjì tí wọ́n wọn ọmọ lẹ́yìn tí a bí i, mo wà níbẹ̀, kò sì sí ìwọ̀n tí mo lè wò kọjá láìka ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ti kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ohun tó hàn ni 2.36. Ọ̀sẹ̀ kejì, 2.44.

Màmá, ẹ mú kílò kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Àyè kìíní lẹ́yìn pọ́íǹtì ló ń ka ìyẹn. Ẹ wá mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá náà, kí ẹ tún pín in sí mẹ́wàá. Àyè kejì ló ń ka èyí, ó sì kéré, bíi ṣúgà oníkóró méjì. Ìlà káàdì yẹn kò gbà ju àyè kan lọ. Nọ́ọ̀sì ní láti sún nọ́ńbà sí èyí tó súnmọ́ ọn jù. Bí àyè kejì bá tó márùn-ún tàbí tó jù ú lọ, yóò fi ọ̀kan kún àyè kìíní. Bí kò bá tó, yóò gé e sílẹ̀. Nítorí náà 2.36 gòkè di 2.4, 2.44 sì sọ̀ kalẹ̀ di 2.4. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀, wọ́n pàdé lójú kan. Láàárín àwọn méjèèjì, ọmọ yín ti fi bíi kóró ṣúgà mẹ́rìndínlógún kún ara. Inú àyè kejì tí wọ́n gé yẹn gan-an ló ti ń dàgbà.

Fúnkẹ́ ní kí ló dé tí nọ́ọ̀sì á fi purọ́. Mo ní kì í ṣe irọ́. Ẹ̀yin náà ń ṣe é nídìí máṣíìnì. Bí tépù bá bọ́ sáàárín ìlà méjì níbàdí oníbàárà, ẹ ó mú ìlà tó súnmọ́ jù, ìdí aṣọ á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ihò bọ́tìnì. Tèmi náà, bí páálí ẹja bá jẹ́ 19.96, ogún là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń jà. Kílò ogún gbà á. Ọmọ tí kò tíì pé kílò mẹ́ta kò gbà á.

Síbẹ̀ Fúnkẹ́ ò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ọkọ gbọ́, la bá lọ bá nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ajé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá tíṣà ni mí. Mo ní ẹja ni mò ń wọ̀n. Ó ní ó dáa, kí n mú ti òun bọ̀ nígbà mìíràn, kí n má sì ka orí mọ́ ọn. Ó ní bí mo ṣe wí ló rí, pé ọmọ tuntun sì sábà máa ń fọn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Àmọ́ ó ní òun kì í wo nọ́ńbà nìkan. Ó béèrè iye nápì tó ń tutù lójúmọ́, ó ní kí Fúnkẹ́ fún ọmọ lọ́mú lójú òun. Níbẹ̀ ló ti rí i pé orí ọmú nìkan ni Àbẹ̀kẹ́ ń mú. Ó tún ẹnu rẹ̀ ṣe, ó ní kí wọ́n máa fún un léraléra, ní òru pàápàá, kí wọ́n má fi omi, ògì tàbí àgbo kún un rárá. Èyí ò sí nínú ìṣirò tèmi. Mo gbọ́, mo sì gbà.

Ní àná, wọ́n tún wọ̀n ọ́n: 2.58. Lórí káàdì, 2.6 ni. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ ó pariwo pé ó ti fò láti 2.4, pé àdúrà ti gbà. Àdúrà gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Pọ́íǹtì ọ̀kan-mẹ́rin ló fi kún un, kì í ṣe pọ́íǹtì méjì. Sísún nọ́ńbà tó gba ìdàgbà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níjọ́sí ló ń bù sí i báyìí. Láti ìsinsìnyí, nọ́ọ̀sì ti gbà láti máa kọ àyè méjèèjì sí etí káàdì, èyí la ó sì máa kà fún yín.

Màmá, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe Fúnkẹ́, kí ẹ sọ fún un pé ọmú rẹ̀ kì í ṣe omi. Èmi ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu yín ló ń dúró dè. Ìkejì, ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan àwọn búbà yẹn. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe rí. Bí ó bá tóbi jù ú, kò burú, a ó ká apá rẹ̀ sókè. Ọmọ náà ń bọ̀ wá bá a.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí láti rán èyí tí yóò wọ lọ sí ilé ìwé. Ojú yín kò ní í ṣú lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí ará ilé, ẹ kí àwọn tó ń gbàdúrà fún wa. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí yín. Àbẹ̀kẹ́ ń sùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Dèjì.