Irúgbìn Tí Oyin Fi Ṣe Òjò

Baba Oyin,

Ẹ má wulẹ̀ wá àgbàdo tí a fẹ́ gbìn, kò sí mọ́. Bí ẹ ti sáré lọ kọ ebè nínú òjò àárọ̀ yìí, mo ṣí kèrègbè, ó ṣófo. Oyin ló kó o lọ sílé-ìwé lánàá. Olùkọ́ wọn ń kọ́ wọn bí òjò ṣe ń rọ̀, ó ní kí kálukú mú ohun tí wọn yóò fi ṣe ẹ̀kán òjò wá. Oyin pín tirẹ̀ kan gbogbo kíláàsì. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Mo gbìyànjú láti ṣí àgbàdo kúrò lára páálí tó gbé wálé, ó ń fọ́ ni.

Mo bi í léèrè, ó ní, "Ìyá, ṣebí Baba ló ń ráhùn pé òjò ò rọ̀."

Mo ń lọ tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú Glei, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ti kú sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀kọ wà nínú abọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na Oyin. Ó gbà pé páálí òun ló mú òjò rọ̀. Ó ń bi mí pé ṣé inú yín ti dùn báyìí.

Inès