Ta Ni Pátákó Ń Bá Wí?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo ná: ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ 600, bírò 100, ìwé yìí 350. Ẹ̀gbọ́n mi gba 10,000 oúnjẹ oṣù. Ó kù 27,300.

Ọ̀gá pè mí. Wọ́n ti ra ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Yóò máa sọ iṣẹ́ tí ó kan olúkúlùkù, ọjọ́ tí ó yẹ kí ó parí rẹ̀, àti bí ó bá ti pẹ́. Orúkọ rẹ̀ gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Pátákó ni mo sọ ọ́.

Yàrá òtútù là ń kọ́ fún àwọn tó ń ta ẹran àti ẹja. Àwa mẹ́jọ ni, yàtọ̀ sí Ọ̀gá. Àyè ẹnì kan lórí Pátákó, 4,000 lóṣù. Ọ̀nà mẹ́jọ: 32,000. Ọ̀gá ní èmi tí mò ń tọ́jú ìwé àti kọ́kọ́rọ́ ni n ó máa ran àwọn yòókù lọ́wọ́ lórí rẹ̀. 15,000 lé lórí owó oṣù mi. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ṣì ń bọ́ sílẹ̀ láàárín wa títí oṣù fi parí, 15,000 ti lọ nìyẹn.

Mo ti mọ ohun tí n ó fi ṣe. Yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Ọdún kejì rèé tí mò ń sùn sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Olùkọ́ tí àwọn tó ta Pátákó rán wá lo wákàtí méjì. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó kìlọ̀ fún mi: ohun tí Pátákó bá ti sọ, n kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu tún un sọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní wò ó láé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í. Bàbá Skúrù ni — àgbà oníṣẹ́ wa, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá òtútù kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó lè gbé àkàbà?" Olùkọ́ ní rárá. Wọ́n ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 5

Ẹni mẹ́rin ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn. Ti Ẹlẹ́nu, ọmọbìnrin tó ń so iná fún wa, ni "rántí". Ó gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni Pátákó ń fi ìránnilétí sórí fóònù ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pẹ́. Yóò tún gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ẹnu ọ̀nà ní àwọ̀ pupa kí gbogbo ayé rí i. Mo lè fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ènìyàn. Tí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, kí á fi 9,000 kún un lóṣù.

9,000 nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. N kò tilẹ̀ sọ fún Ọ̀gá.

Mo kọ: "Iṣẹ́ rẹ ti pẹ́. Parí rẹ̀ lónìí." Orúkọ oníṣẹ́ wà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wàhálà. Fóònù Bàbá Skúrù dún láàárọ̀, ìyàwó wọn ló bá wọn kà á. Ó béèrè pé ọmọ ta ló ń sọ "rẹ" sí ọkọ òun láago mẹ́fà. Bàbá ti fóònù náà bọ abẹ́ ìṣó nínú àpótí irinṣẹ́. Ó ń dún níbẹ̀.

Wọ́n wá bá mi. "Ọmọ yìí, ọdún wo ni èmi àti ẹ̀rọ yẹn jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Mo ní Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ kọ́, èmi ni mo kọ ọ́.

Wọ́n ní, "Ó wá burú sí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo tún un kọ: "Iṣẹ́ yín ti pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí rẹ̀ lónìí." Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Bàbá ti yọ fóònù jáde.

Ẹlẹ́nu pariwo wọlé: "Àǹtí, ẹ wá wò ó! Wọ́n ti ń sọ 'ẹ' sí mi!" Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní ìyá òun gbọ́dọ̀ rí i. Awakọ̀, tó ń wa ọkọ̀ iṣẹ́ wa, ní kí ó rọra, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Kò sí pupa kankan lórí Pátákó. Ọ̀gá wò ó, wọ́n mi orí pé ó dáa. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé lọ wo yàrá náà. Fèrèsé kan. Ó tó mi.

Ọjọ́ Ajé, 17

Yàrá òtútù ìyá ẹlẹ́ja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Mo gbé e sórí Pátákó: Bàbá Skúrù, títí ọ̀la. Ọjọ́bọ̀ ni ìyá ń kó ẹja wọlé.

Ọjọ́rú, 19

Rọ́bà ti pupa lórí Pátákó. Gbogbo wọn dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kà á, wọ́n lọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rántí olùkọ́. Mo rántí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ó ṣì pupa. Mo pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Etí ilẹ̀kùn ń jò. Ẹja bà jẹ́. 186,000. Ìyá fúnra wọn gbé ọ̀kan wá nínú ọ̀rá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì Ọ̀gá. "Ẹ gbóòórùn iṣẹ́ ọwọ́ yín."

A ṣí gbogbo fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ tí mo kọ sọ. Mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ògiri mú. "Tí mo bá wọlé tí mo ní 'ẹ fọ abọ́', nínú ìwọ àti àwọn ọmọ mi, ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Kò sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ìpàdé. Ọ̀gá ní ta ló rí ìránnilétí náà. Ọwọ́ mẹ́jọ lọ sókè, tèmi wà níbẹ̀.

Bàbá Skúrù ní àwọn rí "yín", àwọn ní gbogbo wa ni, àwọn ń retí kí wọ́n wá pe àwọn kí á jọ lọ. Awakọ̀ ní òun náà rí "yín", òun ní àgbà ni wọ́n ń bá wí, òun ò sì lè máa rán àgbà létí. Ẹlẹ́nu ní òun ṣáà mọ̀ pé òun kọ́.

Awakọ̀ ní, "Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n ti ń sọ 'ẹ' sí ọ?"

"Ìgbà yẹn, iṣẹ́ ò ì tíì bá a wá."

Ọ̀gá bi mí bóyá ọ̀nà wà tí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan fi lè yàtọ̀. Mo ní ó wà. Wọ́n ní èló. Mo ní 9,000. Wọ́n mú bírò, wọ́n fi 9,000 pín 186,000. Oṣù ogún, ó lé díẹ̀. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Owó oṣù wọlé: 47,000. Kò sí 15,000. Pátákó ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo ṣì ń bójú tó o.

Ọjọ́ Ajé, 31

Ọ̀gá fi ọwọ́ ara wọn gbé iṣẹ́ tuntun sórí Pátákó. "Ẹ san owó ẹja. 186,000." Mo súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n kí n lè ka lẹ́tà kékeré. Orúkọ mi ni.

Láti ọdún mẹ́fà, Ọ̀gá ò sọ "ẹ" sí mi rí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ó lè jẹ́ pé gbogbo wa ni wọ́n ń bá wí.

Tí ó bá jẹ́ èmi nìkan: owó oṣù mẹ́rin, á ku 2,000 tí n ó fi jẹun láàárín oṣù mẹ́rin náà. Tí ó bá jẹ́ àwa mẹ́jọ: 23,250 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Ọ̀gá láti bi wọ́n. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á dá mi lóhùn. Mo padà.

Nígbà tí iṣẹ́ ń parí, Bàbá Skúrù wọlé. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń bá wí?"

Mo ní Bàbá, n kò mọ̀.

Wọ́n ka 23,000 sórí tábìlì mi. Wọ́n wá 250 nínú àpò kejì, wọn ò rí i, wọ́n lọ yá a lọ́wọ́ Awakọ̀. Awakọ̀ yá wọn, kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. "Tẹ̀ ẹ́ fún mi pé mo ti ṣe tèmi."

Mo wá ibi tí n ó tẹ̀. "Ó ti parí" wà, "Kò tíì parí" wà. Kò sí bọ́tìnnì kankan láàárín wọn.

Ó ku 162,750. Àwọn yòókù ti kà á. Wọ́n ti lọ sílé.