Wọ́n Ní Kí N Sọ Ọmọ Kalẹ̀

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ètè mi tipẹ́. Bí ẹ bá pè mí, mo máa ń ní ara le, mo máa ń ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà. N kò ní lè wá mú Àbẹ̀ní ọmọ mi ní àjọ̀dún Màríà bí mo ṣe ṣèlérí, torí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ kò ní gbé e fún mi àfi bí mo bá ní iṣẹ́ àti yàrá. Iṣẹ́ ti lọ, yàrá náà yóò sì tẹ̀ lé e.

Mo kí Bàbá tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Kí wọ́n má fo ibì kankan o, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo sì ti ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, torí èmi nìkan kọ́ ni mo fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ní Gbaffo lórí òkè wá sí Kutọnu.

Ẹ máa ń bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, bùrò. Eré ni, Ìyá. Eré orí tábìlì. Ọ̀gá kan tí gbogbo wa ń pè ní Patírọ́ọ̀nù ló ń kọ òfin eré kan tí ó fẹ́ tà, àwa mẹ́rin la sì ń bá a dán an wò. Òun á máa sọ ìtàn: ẹ wà ní abúlé nísàlẹ̀ òkè, ogun ń bọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sá gun àpáta. Olúkúlùkù wa jẹ́ ẹnìkan nínú ìtàn náà. Á sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, á da ọmọ lúdò, iye tó bá yọ ni yóò sọ bóyá ó ṣe é. Bí a bá ṣe eré náà tán, a ó sọ ibi tí òfin náà kò ti dára. Torí pé orí òkè ni mo ti wá ni wọ́n ṣe gbà mí.

Níbẹ̀rẹ̀, ìyìn ni mò ń yìn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ bá níyọ̀ jù, omi là á mu. Patírọ́ọ̀nù ní Mádámù, bí ó bá jẹ́ ìyìn ni òun ń wá, òun ì bá ti pe ìyá òun. Ó ní kí n la ẹnu mi, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Mo gbà á gbọ́. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ kan òjò ti gba gbogbo ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ṣì tutù nígbà tí mo jókòó. Wọ́n fi mí ṣe ìyá ọlọ́mọ. Òfin ní ẹni tó bá ru ẹrù, kí á dín iye tó dà kù. Wọ́n sì ti ka ẹrù náà sílẹ̀: ìkòkò, àpò àgbàdo, ọmọ ẹ̀yìn. Mo dà á, kò tó. Mo tún un dà, kò tó. Àwọn yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, òfin sì ní kí wọ́n dúró dè mí. Wọ́n ń pariwo pé kí n sọ ọmọ náà kalẹ̀ kí n lè yára. Ọ̀kan ní alùpùpù sẹmijan wo ló ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ tí kò san kọ́bọ̀! Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ogun bá wa, ó kó gbogbo wa.

Nígbà tí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo ní òfin yìí burú, mo ní ta ló ń ka ọmọ mọ́ ìkòkò. Ohùn mi lọ sókè, Ìyá. Patírọ́ọ̀nù wò mí. Kò pariwo. Ó ní Mádámù, ọmọ tìrẹ dà?

Ó mọ̀. Èmi ni mo sọ fún un. Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Omijé ló jáde lójú mi. Lọ́jọ́ kejì ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n má wulẹ̀ wá mọ́, òun ń wá ẹni tó lè ṣe eré bí eré.

Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi: mo ń bínú sí ẹ̀yin náà. Nígbà tí bàbá ọmọ lọ tí kò wẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́, pé ẹni tó pọnmọ kì í sáré ní ìlú ńlá. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo sáré. Ibo ni mo sá dé? Yàrá tó gbóná bí ààrò, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹnìkan kì í ké sí mi lẹ́nu ọ̀nà àfi onílé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ gbé fóònù fún Àbẹ̀ní. Ó kí mi dáadáa, ó ní bọ̀ńjúù, tátà. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín lẹ́yìn, ẹ ní ẹ wo bí ọmọ yìí ti gbọ́ Faransé tó. Tátà! Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá ẹni. N kò tíì lè sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Owó gàrí oṣù yìí kò ní wọlé, ẹ má retí rẹ̀. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí iṣu ta, kí ẹsẹ̀ Bàbá má yọ̀ lórí àpáta. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo-ilé, ẹ fọwọ́ pa Àbẹ̀ní lórí fún mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Bí mo bá wá lọ́wọ́ òfo, ṣé ẹ ó gbé e fún mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni, ọmọ yín,
Rosíìnì