Irin Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ Nítorí Jìtá

Ajé, 19 Ṣẹ́rẹ́ 2026
Oyin wọ inú jìtá béèsì mi. Orúkọ tí mo sọ ariwo náà nìyẹn: hùn-ùn-ùn, kò mí, kò sinmi. Mo fọwọ́ kan okùn, ó rọlẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò, ó tún dé.

Gómìnà gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. (Ẹ̀gbọ́n mi Kùdírátù, àlájà tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, olórí ẹgbẹ́ orin àsàlátù wa. Kò mọ̀ pé mo ń pe òun bẹ́ẹ̀.) Ìdájọ́ rẹ̀: ọjọ́ keje Èrèlé ni wólíímọ̀ Rodiat, ọmọ rẹ̀ tó ka Kùránì parí, nínú àgbàlá wa níbí. Bí oyin kò bá tíì lọ, Abdulkabir àbúrò wa ni yóò fi dùùrù ṣe iṣẹ́ mi. Kí èmi máa to àga fún àlejò.

Láti ìgbà tí irun mi ṣì dú ni mo ti ń lu jìtá lẹ́yìn Gómìnà. N kò mọ àga tò.

Ìṣẹ́gun, 20
Mo pààrọ̀ wáyà. Oyin wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 21
Mo tú jìtá. Mo fi fọ́ìlì bo gbogbo inú rẹ̀. Oyin rẹlẹ̀ díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Gómìnà ń wá fọ́ìlì tó fẹ́ fi wé mọ́ínmọ́ín. Mo bá a wá a. A kò rí i.

Jímọ̀, 23
Mo pa fáànù. Mo pa gílóòbù. Mo yọ ṣájà gbogbo ará ilé. Abdulkabir, tí fóònù rẹ̀ ti kú, ní: “Bọ̀ọ̀dá, ó ku oòrùn. Ẹ kúkú yọ òun náà.”

Àbámẹ́ta, 24
Ìdánrawò. Oyin ń bá Gómìnà kọrin. Inú bí i, ó na ọwọ́ láti fún jìtá lọ́rùn—gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe kan okùn báyìí, iná ta á ní ètè.

“Aúsù bíláhì! Sàlàhúdíìnì, ṣé o fẹ́ pa mí kí n tó rí wólíímọ̀ ọmọ mi ni?”

Abdulkabir rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo bẹ Gómìnà, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú mi, ayọ̀ ni. Ètè rẹ̀ ti sọ àìsàn náà fún mi. Ilé yìí kò ní irin ìsàlẹ̀, èyí tí iná tó bá ṣìnà máa ń gbà wọlẹ̀. Orí àpáta ni bàbá wa kọ́ ọ sí. Ẹni tó fa iná rí àpáta, ó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ajé, 26
Mo ra irin gígùn kan. Mo kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná—àpáta. Mo sún síwájú—àpáta. Níkẹyìn mo rí erùpẹ̀ láàárín òkúta méjì. Mo rì í síbẹ̀, mo da èédú àti iyọ̀ yí i ká, mo bomi sí i, mo fa wáyà rẹ̀ dé ibi mítà.

Mo tan iná. Oyin kú. Ó kú pátápátá.

Ewu kan ṣoṣo: ọyẹ́ ti mú kí ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ kò sì gba iná. Àràárọ̀ ni màá máa bomi sí i.

Ọjọ́rú, 28
Mo ń bomi, orí kan yọ lókè ọgbà. Bàbá Ògúnwùmí, àgbẹ̀ Wásinmi tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ògún ló ń bọ, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wo irin, ó wo èédú, ó wo omi. Ó ṣí fìlà.

“Ọmọ Alájì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá.”

Mo ní nítorí jìtá ni. Ó mi orí bí ẹni tó mọ àṣírí pa mọ́.

“Ẹni tó ń fi irin jẹun kì í gbàgbé irin. Àbí okùn jìtá yẹn, ṣé òwú ni?”

Irin ni.

Ọjọ́bọ̀, 29
Ẹnìkan so màrìwò mọ́ irin náà. Iṣu sísun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì gbóná. Mo tú màrìwò. Ewúrẹ́ bá mi yanjú iṣu.

Jímọ̀, 30
Ọ̀rọ̀ ti dé Ìtòkú. Oníbàárà kan kí Gómìnà kú ọdún Ògún lójú gbogbo ọjà. Gómìnà wọlé láìbọ́ bàtà.

“Nínú ilé bàbá wa? Bàbá tó lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì!”

Mo ṣàlàyé iná, mo ṣàlàyé àpáta.

“Gbogbo yunifásítì tí o lọ, iyọ̀ àti èédú lo bá bọ̀? Fà á tu!”

Ẹ̀gbọ́n ni. Mo fà á tu. Oyin jí.

Àbámẹ́ta, 31
Ìdánrawò. Abdulkabir fi dùùrù lu béèsì: bí màlúù tó gbé bọ́ọ̀lù mì. Gómìnà fi áńkáṣíìfù wé gbohùngbohùn. Áńkáṣíìfù yọ̀, iná tún ta á. Kò pariwo lónìí.

Ìṣẹ́gun, 3 Èrèlé
Ògiri ni Gómìnà kọjú sí tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

“Irin yẹn. Ṣé ti iná lásán ni?”

“Ti iná lásán ni, Àǹtí.”

“Rì í padà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan rí ọ tí ò ń bomi sí i.”

Mo rì í. Mo bomi sí i lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ilẹ̀ ti gbẹ. Oyin ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Abdulkabir ń fi àga hàn mí, ó ní aláwọ̀ ewé ni kí n tò síwájú.

Jímọ̀, 6
Ìdákẹ́jẹ́. N kò bomi o. Mo lọ wo irin: ilẹ̀ tutù rinrin. Òjò kò rọ̀.

Àbámẹ́ta, 7
Rodiat ka Kùránì rẹ̀, gbogbo wa sunkún. Mo lu jìtá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, oyin kankan kò fò. Abdulkabir to àga. Ó mọ̀ ọ́n tò ju bí ó ṣe mọ dùùrù lọ.

Mo fẹ́ kọ ti òwúrọ̀ sílẹ̀ kí n tó sùn. Mo dìde fún ìrun Àsùbá, mo yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná. Gómìnà ni, òun àti kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀. Kò lọ sí ibi tí gbogbo wa ti ń ṣe àlùwàlá. Òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ló bẹ̀rẹ̀ sí. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ tòsì, ó wá rọra da ìyókù omi yí irin ká, kò fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀.

Fìlà ṣí lókè ọgbà.

“Àlájà, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Á gbè yín o!”

Gómìnà kò wẹ̀yìn. Ó gbọn kẹ́tù gbẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Àmín,” ló wí.